Bí wọ́n ṣe ń tún pákó àpótí géèmù àtijọ́ ṣe kí wọ́n tó fín ọ̀dà sí i

Ẹ jẹ́ ká mú àpótí Pac-Man tí Midway ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, èyí téèyàn máa ń dúró síwájú ẹ̀, tá á ju owó ẹyọ sínú ẹ̀ kó tó gbá géèmù. Ọ̀pọ̀ àpótí ìgbà yẹn, particle board ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ẹ̀rún igi tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n wá fi máṣíìnì tẹ̀ pọ̀, torí náà omi ni ọ̀tá ẹ̀. Tó bá ti pẹ́ nínú gáréèjì tó tutù, omi á fà wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀, igun ibẹ̀ á wú bí gàárì tó mu omi, á wá máa ya lọ́wọ́.

Wọ́n máa kọ́kọ́ kó gbogbo nǹkan inú ẹ̀ síta. Tẹlifíṣàn ẹ̀ léwu o, torí tíúbù àtijọ́ yẹn lè ṣì gbé iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt dání lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà ẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó fọwọ́ kàn án.

Pákó tó bá ti wú kì í fúnra ẹ̀ padà sípò. Tó bá jẹ́ pé ó kàn lanu díẹ̀ ni, wọ́n á fún gọ́ọ̀mù pákó wọ àárín ẹ̀ dáadáa, wọ́n á fi pákó pẹlẹbẹ méjì há a mọ́ àárín, náílọ́ọ̀nù á wà láàárín wọn kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá fi kíláàmù fún un pa di ọjọ́ kejì. Èyí tó ti ń já bọ́, gígé ni, kí wọ́n fi pákó tuntun tó nípọn bákan náà rọ́pò ẹ̀. Igun tó kán ń fẹ́ bọ́dì fílà, èyí tí àwọn panel beater fi ń dí ara mọ́tò, tí wọ́n bá sì da hardener ẹ̀ jù, ìyẹn kẹ́míkà tó ń mú un le, á ti le sórí ọ̀bẹ kó tó dé ara pákó.

Ó kan sánpépà, nọ́ńbà 80, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 220, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ga sí ló ṣe ń kúnná sí. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ojú sì lè tan èèyàn jẹ níbẹ̀, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Kéèyàn dijú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti orí pákó bọ́ sórí fílà, tí ọwọ́ bá ṣì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, kò tíì tó ọ̀dà á fín. Ọ̀dà kì í bo àléébù, ṣe ló máa ń tú àṣírí ẹ̀, àgàgà ọ̀dà tó ń dán.

Wọ́n á fín primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ọ̀dà gidi máa lẹ̀ mọ́, wọ́n á fi sánpépà 320 ha á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, wọ́n á nu eruku kúrò, kí yẹ́lò tó jẹ́ àwọ̀ àpótí náà tó kàn. Ìbomú gidi pọn dandan, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ níbẹ̀. Nǹkan bíi 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹnu ìfín fi jìnnà, kí ọ̀dà ti máa jáde kó tó dé etí pákó, kí ọwọ́ máa lọ gbọọrọ láì dúró, kí ìlà kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni lẹ́ẹ̀mẹta ju kó nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Tó bá ṣàn, ẹ má nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi sánpépà ha á.

Àwòrán ẹ̀gbẹ́ Pac-Man, stencil, ìyẹn pátánì tí wọ́n gé àwòrán sí lára, ni wọ́n fi fín in, àwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, torí náà yẹ́lò gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí stencil tó gun orí ẹ̀. Òkè ẹ̀ lè gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ kí inú ṣì rọ̀, kí wọ́n fi èékánná tẹ ibi tó fara pamọ́ lábẹ́ ẹ̀ wò, tó bá ṣì gba àmì, ó di ọjọ́ mìíràn.