CEC: báwo ni láàbù ṣe ń mọ iye oúnjẹ tí amọ̀ lè dì mú?

Ẹni tó bá ti gbé yẹ̀pẹ̀ oko rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò á ti rí i lórí ìwé èsì: CEC. Cation exchange capacity ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀: iye íọ́nù pọ́sítíìfù (ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó ní iná, irú èyí tí oúnjẹ ọ̀gbìn wà nínú rẹ̀) tí amọ̀ lè dì mú, tó sì lè jọ̀wọ́ kó fi gba òmíràn, ló ń sọ.

Pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni amọ̀, bí ojú-ewé ìwé. Iná nẹ́gẹ́tíìfù ló wà lójú wọn, ìyẹn ni kálísíọ́mù àti pòtásíọ́mù, tí tiwọn jẹ́ pọ́sítíìfù, fi ń lẹ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òmíràn lè lé wọn kúrò. J. Thomas Way, onímọ̀ kẹ́mísírì, rí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1850: ó da omi iyọ̀ ammóníọ́mù gba inú yẹ̀pẹ̀ kọjá, kálísíọ́mù ló bá nínú omi tó ń kán nísàlẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́ owó ni: kálísíọ́mù kan dà bí ẹgbẹ̀rún náírà, ammóníọ́mù méjì bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta méjì.

Ọgbọ́n yẹn náà ni láàbù ń dá. Wọ́n á fi ammóníọ́mù ásítéètì, tí pH rẹ̀ (òdiwọ̀n kíkan: bó bá ṣe kéré ni kíkan ṣe ń pọ̀) jẹ́ 7, fọ amọ̀ títí gbogbo ààyè á fi kún. Wọ́n á wá fi ọtí ṣan èyí tó kàn dúró láàárín omi. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ nìyí: bí o ò bá ṣàn án tó, o máa ka àlejò mọ́ onílé, bí o bá ṣàn án jù, onílé náà á bá a lọ. Lẹ́yìn èyí ni iyọ̀ mìíràn á lé ammóníọ́mù jáde, wọ́n á sì kà á.

Ọ̀nà kan yá ju ìyẹn lọ: wọ́n á da omi bàbà aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní Cu-trien lé amọ̀. Bí amọ̀ bá ṣe ń gba bàbà ni búlúù á máa ṣí, ẹ̀rọ á sì ka èyí tó kù.

Irú amọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní montmorillonite máa ń tó 80 sí 150 cmol/kg (ìwọ̀n iná tí kílò amọ̀ kan lè dì mú). Kaolinite, irú amọ̀ mìíràn tó pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, kì í sábà ju 3 sí 15 lọ. Ní etí pẹlẹbẹ kaolinite, bí pH bá ṣe ń gòkè ni iná ibẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí oko rẹ bá wà ní pH 5, tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n ní 7, iye tí wọ́n kọ fún ọ ju ti oko rẹ lọ. Bi wọ́n ní pH tí wọ́n lò kó o tó ra ajílẹ̀.