Pákó Lórí Irin: Bí Wágọ̀nù Onígi Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Rélùwéè kò gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá rí. Nígbà tí àwọn òyìnbó la ojú irin láti Ìddó lọ sí Ìbàdàn, apá Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Èyí tí ìjọba wá ṣe ní tiwa-n-tiwa, tí wọ́n ṣí ní 2021, ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá náà ló tún gbà. Ẹrù Ìbàdàn tó ti ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ̀kalẹ̀ sọ́jà Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi tó kó o dé Èkó, rélùwéè já púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà. Nítorí náà, bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá ní òun fẹ́ pìtàn wágọ̀nù onígi, ìyẹn ọkọ̀ ẹrù rélùwéè tí wọ́n fi pákó kàn, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ibi tóun ti mọ igi tó ń rù. Ara bọ́lẹ̀kájà ni èmi ti mọ̀ ọ́n.

Ṣáàsí àti ẹ́ńjìnì bọ́lẹ̀kájà là ń rà lọ́wọ́ òyìnbó, Bedford ló sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ilé tó jókòó lórí ṣáàsí yẹn, káfíńtà wa ló ń kàn án: òpó, pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, páànù lórí, bẹ́ǹṣì nínú, kí pẹ́ńtà tó wá kọ òwe síwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn níléèwé nítorí ẹ̀. Ẹni tó mọ òrùlé kàn, tó mọ ilẹ̀kùn kàn, kí ló kù tí kò ní lè kan ọkọ̀? Igi kò sì jìnnà sí wa, igbó Ọmọ wà lẹ́yìnkùlé wa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wágọ̀nù ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó. Kì í ṣe oníṣẹ́ irin ló bí i. Àwọn tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni.

Ẹrẹ̀ ló fà á. Ẹni tó bá ń wa èédú ilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ẹṣin ló fi ń kó o, bí òjò bá sì ti rọ̀, kẹ̀kẹ́ á rì títí dé àárín. Ní nǹkan bí 1603 sí 1604, oníṣòwò èédú kan, Huntingdon Beaumont, ní kí wọ́n to igi sílẹ̀ láti Strelley dé Wollaton, lẹ́bàá Nottingham, bíi máìlì méjì, kí táyà kẹ̀kẹ́ máa gun orí igi náà lọ. Kò sí irin kankan lójú ọ̀nà yẹn. Igi ni kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀, igi ni kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Orúkọ tí à ń pè é lónìí, ojú irin, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ló dé.

Àwọn ará Newcastle ló wá gba iṣẹ́ náà lọ síwájú. Wágọ̀nù wọn fẹ̀ lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó dà bí ọ̀pọ́n oníhò: wọ́n á ṣí ilẹ̀ rẹ̀, èédú á dà sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró. Ó ń gbà tó tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ ó lé díẹ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀n yẹn lélẹ̀ torí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí èédú. Ọ̀pá igi gígùn ni bíréèkì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, awakọ̀ á fi ìdí tẹ ọ̀pá náà mọ́ táyà, wọ́n á tú ẹṣin kúrò níwájú, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn kó máa rìn bọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí rélùwéè Stockton sí Darlington ṣí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, 1825, irú wágọ̀nù onípákó yìí náà ni ẹ́ńjìnì George Stephenson fà. Ohun tó ń fà á nìkan ló yí padà.

Amẹ́ríkà ni igi ti wá jọba tán. Igbó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, irin wọ́n, ọ̀nà sì jìn. Wọ́n fi igi óákù ṣe egungun ìdí, wọ́n fi igi páìnì ṣe ara, wọ́n bò ó lórí kí òjò má ba ọkà jẹ́, wọ́n sì gbé e lé ẹsẹ̀ méjì oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Títí di bíi 1870, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Àmọ́ igi tó gùn tí wọ́n gbé orí àti ìdí rẹ̀ lé nǹkan, tẹ́ ẹ wá di ẹrù lé láàárín, ó di dandan kó tẹ̀. Wọ́n wá na ọ̀pá irin gba abẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìdí, wọ́n fi nọ́ọ̀tì sí i láàárín tí wọ́n lè máa fún. Ẹni tó bá mọ ọrun ọdẹ ti mọ̀ ọ́n tán: igi ni ọrun, irin ni ọsán. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo, torí ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Ara àwọn òṣìṣẹ́ náà kò dá. Wọ́n á dúró láàárín wágọ̀nù méjì tó ń bọ̀ wá pàdé, wọ́n á fi ọwọ́ ki ìsokọ́ra sínú ihò, wọ́n á ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ìka tó bá pẹ́ níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bíréèkì ńkọ́? Orí òrùlé ni wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀, lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nínú òjò àti yìnyín, kí wọ́n máa yí kẹ̀kẹ́ bíréèkì wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè láti ti igi sẹ́yìn táyà, ó ní ẹ̀gbọ́n lókè òkun. Eli Janney gba àṣẹ lórí ìkọ́ tó ń so ara rẹ̀ ní 1873, George Westinghouse ti mú bíréèkì oníafẹ́fẹ́ jáde ṣáájú ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn onílé-iṣẹ́ ń wo owó. Òfin tí Ààrẹ Amẹ́ríkà, Benjamin Harrison, fọwọ́ sí ní 1893 ló mú wọn ṣe é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Lójú tèmi, ohun tó gba ẹ̀mí òṣìṣẹ́ là wà lára ohun tó pa wágọ̀nù onígi. Bí bíréèkì ṣe dára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń so wágọ̀nù pọ̀ sí i, tí ẹ́ńjìnì sì ń lágbára sí i. Ìfà àti ìkọlù tó ń bọ̀ lára igi wá kọjá ohun tó lè gbà. Ní 1897, wágọ̀nù èédú tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tó ń gbé tọ́ọ̀nù 50, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápá Pittsburgh. Wágọ̀nù onígi tó bá wà láàárín irú wọn lè fọ́ bí ẹ̀pà, ìdí tí wọ́n fi ń so àwọn aláìlágbára sẹ́yìn pátápátá.

Síbẹ̀, igi ò tètè lọ. Wọ́n fi irin ṣe ìdí, wọ́n fi pákó ṣe ara, bíi bọ́lẹ̀kájà gẹ́lẹ́. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí ìjọba Amẹ́ríkà gba rélùwéè sábẹ́ ara rẹ̀, 100,000 wágọ̀nù ni wọ́n ní kí wọ́n kàn, 50,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ onílé pákó lórí ìdí irin. Ogun kejì dé, wọ́n nílò irin fún ọkọ̀ ogun, wọ́n tún padà sọ́dọ̀ káfíńtà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wágọ̀nù èédú tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn aládàáni ní 1948 ju 500,000 lọ, onípákó ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ilẹ̀ wágọ̀nù ni igi ti pẹ́ jù, kódà lẹ́yìn tí ara àti òrùlé ti di irin. Ìṣó kò ṣeé kàn mọ́ irin, bẹ́ẹ̀ ẹrù tí wọn ò bá kan igi dè, á máa yí káàkiri. Bí ẹ bá dúró ní oríta Ṣágámù lónìí, tí tírélà tó gbé kọ̀ǹténà sì paákì sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, ẹ yọjú wo ilẹ̀ inú rẹ̀. Pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ léra, ìyẹn plywood, ló sábà máa ń jẹ́, ó nípọn tó mílímítà 28.