Ìdánwò ẹ́ẹ̀tì: ohun tí ilé iṣẹ́ ń yẹ̀ wò lára ẹ̀rọ kí ó tó jáde

Bí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ óò rí wáyà kan tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè jọ wà lára rẹ̀. Òun ni àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so irin ara ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wáyà oníná bá bó nínú, tó sì fara kan irin náà, iná yóò gba ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì lọ, yóò sì pọ̀ débi pé fíùsì yóò já, dípò kí ó dúró de ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn fíríìjì.

Ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ ń dán wò kí wọ́n tó di ẹ̀rọ sínú páálí. Kí ọ̀nà wà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ lè gba iná púpọ̀. Wáyà tí gbogbo irun rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, ti já ku ẹyọ kan ṣì lè mú kí mítà kékeré sọ pé kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ẹyọ irun yẹn lè jóná kí fíùsì tó já. Nítorí náà ni IEC 60335-1, ìlànà àgbáyé fún ààbò ẹ̀rọ iná inú ilé, fi ní kí wọ́n rán iná ámpíà 25, tàbí ìlọ́po kan àbọ̀ iná tí ẹ̀rọ náà ń lò bí ìyẹn bá pọ̀ jù, gba ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì àpẹẹrẹ ẹ̀rọ, láti orísun tí kò kọjá fóòtì 12, kí ìdènà ibẹ̀, ìyẹn bí ọ̀nà náà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, má sì ju 0.1 ọ́ọ̀mù lọ. Lára àwọn ẹ̀rọ tí ń jáde lójoojúmọ́, ó kéré tán ámpíà 10 ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ tó ní àmì onígun mẹ́rin kan nínú òmíràn kò nílò ẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, nítorí ìbòrí ìdáàbòbò méjì ló ní.

Ìyá kan tó ń ta omi tútù ní Kábbà ránṣẹ́ pè mí pé iná ń gbọ̀n òun lọ́wọ́ bí òun bá ti di fíríìjì òun mú. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wọ́n sì dè é le dáadáa, àmọ́ orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìdánwò ìṣẹ́jú díẹ̀ ì bá ti fi í hàn. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, mo sì dè é padà.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ni ìdánwò ilé iṣẹ́ parí sí. Ilé wa ni ìyókù wà. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí Kábbà wà, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń dá ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kí ó lè wọ ihò méjì, bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́ ilẹ̀ máa ń gbẹ, ìdènà rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Mo yí ẹ̀yìn ilé ìyá náà wò: wáyà tó lọ síbi irin tí wọ́n gbìn sílẹ̀ ti já. A tún un so, a bu omi sí ìdí irin náà, kí n tó ní kí wọ́n fọwọ́ kan fíríìjì náà.