Kọ́ìlì Ńlá Kì í Fi Gbogbo Ìgbà Wá Irin Jìn

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́ìlì kejì, ìyẹn awo tó ń gbọ́ ohùn irin, fún ẹ̀rọ awárin rẹ̀, metal detector, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: "Ra èyí tó tóbi, kó lè lọ jìn." Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì kú. Àbọ̀ òtítọ́ ni. Àbọ̀ tó kù ló ń mú kí ènìyàn gbé kọ́ìlì oníìnṣì 15 lọ sí àlàpà ilé àtijọ́, kó máa rìn láti àárọ̀ títí ọjọ́ á fi kanrí, kó má sì rí ju ìṣó àti àjákù páànù lọ.

Bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà, bí wọ́n ṣe ń ki bátìrì sí i àti iṣẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé tó bá a wá ti sọ ọ́. Ohun tó kàn wá níbí ni awo pẹlẹbẹ tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pá. Awo yẹn ni kọ́ìlì, wáyà ni wọ́n ká sínú rẹ̀ lọ́nà méjì. Iná ń lọ ó ń bọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń rán agbára òòfà sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú irin náà, iná kékeré yìí á sì dá òòfà tirẹ̀ sílẹ̀. Wáyà kejì ló ń gbọ́ èsì. Wọ́n tò ó sí ibi tí kò ti ní gbọ́ ariwo wáyà àkọ́kọ́ rárá, kí etí rẹ̀ lè ṣófo sílẹ̀ de ohun kékeré tó ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú ètò yẹn gbọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ọ̀rọ̀ jíjìn. Bí irin bá ti jìnnà sí kọ́ìlì dáadáa ju bí kọ́ìlì ṣe fẹ̀ lọ, tí a wá sọ jíjìn yẹn di ìlọ́po méjì, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú 8. Èsì tó ń padà bọ̀ náà ní ọ̀nà tó máa rìn, òun náà á tún dín kù sí ìdá kan nínú 8. Ẹ sọ 8 di ìlọ́po 8, ó di 64. Nítorí náà, owó onírin tó wà ní ìnṣì 12 kò ní ìdajì ohùn èyí tó wà ní ìnṣì 6, ó lè dín kù dé nǹkan bí ìdá kan nínú 64 ohùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí fífi agbára kún ẹ̀rọ kò fi ń mú ohun púpọ̀ wá. Ẹ̀rọ tó ń rí owó onírin kan ní ìnṣì 10, tí wọ́n bá sọ agbára tó ń rán jáde di ìlọ́po méjì, ìnṣì 11 àti díẹ̀ ló máa dé. Bátìrì á tètè kú, ìnṣì kan péré ni èrè rẹ̀.

Fífẹ̀ kọ́ìlì ni ọ̀nà tó rọrùn ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ ni àbọ̀ òtítọ́ yẹn wà. Kọ́ìlì tó fẹ̀ ń rán òòfà rẹ̀ lọ jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n iná kan náà tó tàn ká ibi tó fẹ̀ ni, fún ìdí èyí, òòfà tó wà nítòsí awo náà gan-an á fúyẹ́ ju ti kọ́ìlì kékeré lọ. Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ìlì olóbìírí méjì, ọ̀kan fẹ̀ tó ìnṣì 6 láti etí dé etí, èkejì fẹ̀ tó ìnṣì 15. Ká gbà pé iná kan náà ló ń gba inú wọn, pé iye ìgbà tí wọ́n ká wáyà sínú wọn dọ́gba, pé irin náà sì wà ní ọ̀gangan àárín. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, irin tó wà ní ìnṣì 2, kọ́ìlì kékeré ló gbọ́ ọ ketekete jù, ìlọ́po 2 àbọ̀ ohun tí ńlá gbọ́. Ní nǹkan bí ìnṣì 3 lé díẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n. Tó bá fi máa di ìnṣì 10, ńlá ti gba iwájú lọ, ó ń gbọ́ nǹkan bí ìlọ́po 13 ohun tí kékeré ń gbọ́.

Àwọn tó ń ta kọ́ìlì fẹ́ràn apá ìkẹyìn ìṣirò yìí. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì onígi, wọ́n á di owó onírin mú sínú afẹ́fẹ́, wọ́n á máa sún un jìnnà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́, wọ́n á wá kọ iye ìnṣì náà sílẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kì í fèsì. Ilẹ̀ ń fèsì ní tirẹ̀, ìdọ̀tí inú ilẹ̀ náà sì ń fèsì. Ẹni tó bá fi ìdánwò inú afẹ́fẹ́ yan kọ́ìlì ti ra ohun tó dára gan-an fún wíwá owó nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wá ohùn ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọjà. Bó bá dúró sí àárín ọjà, tó la etí rẹ̀ sílẹ̀ gbàràgàdà, yóò gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti òpin ìsọ̀ lọ́hùn-ún. Àmọ́ yóò gbọ́ alágbàtà, yóò gbọ́ alárù tó ń pariwo "àgò!", yóò gbọ́ ẹni tó ń ná ọjà àti ẹni tó ń bínú pé wọ́n ná ọjà òun jù. Bó bá tẹ etí mọ́ ìsọ̀ kan, kò ní gbọ́ ẹni òkèèrè mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á yé e. Lóru, nígbà tí ọjà ti tú tí ẹnì kan ṣoṣo ṣẹ́kù, ẹni àárín ọjà ló máa jàre. Lọ́sàn-án gangan, ẹni tó tẹ etí ló máa rí ohun tó wá. Kò sì sí bí etí ẹni àárín ọjà ṣe lè mú tó tó máa ràn án lọ́wọ́, torí bí etí rẹ̀ bá ṣe ń mú sí i náà ni ariwo ń pọ̀ sí i.

Ariwo ilẹ̀ kọ́kọ́ wà. Ilẹ̀ tí èròjà irin pọ̀ nínú rẹ̀, irú ilẹ̀ pupa kan tàbí iyanrìn dúdú, ń dá ẹ̀rọ lóhùn láìsí owó tàbí ìṣó kankan níbẹ̀. Yanrìn etí òkun tí omi iyọ̀ ti rin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé omi iyọ̀ ń gbé iná. Bí kọ́ìlì bá ṣe fẹ̀ tó ni ilẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ á wá máa ké láìnídìí, ẹni tó gbé e á sì yí bọ́tìnì tó ń mú kí etí rẹ̀ mú wálẹ̀ kó lè sinmi. Ìnṣì tó sanwó fún nígbà tó ra kọ́ìlì ńlá, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì tó kéré lè wá irin jìn ju ńlá lọ. Ẹni tí kò bá tíì fojú rí i kì í gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ariwo ìṣó. Ká ní ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé, ká pín in sí ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà kan ní òró, ìṣó kan ṣoṣo ló bọ́ sí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ yẹn kò dọ̀tí rárá, àlàpà ilé onígi tó jóná máa ń ní ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kọ́ìlì oníìnṣì 15 bo ìlọ́po 6 lé díẹ̀ ilẹ̀ tí oníìnṣì 6 bò. Ó ju ìpín kan lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé lórí ilẹ̀ wa yìí, bí a bá fojú dá a, kò sí ibi tí kọ́ìlì ńlá lè dúró sí tí ìṣó kò ní sí lábẹ́ rẹ̀. Kọ́ìlì kékeré ní tirẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan ló máa bá ìṣó pàdé.

Ohun tí ìṣó yẹn ń ṣe burú ju pé ó kàn ń pariwo lọ. Ohùn kan ṣoṣo ni wáyà kejì ń gbọ́. Bí fàdákà àti ìṣó bá wà lábẹ́ kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà, èsì méjèèjì á pò pọ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀ pé ohun méjì ni. Bí wọ́n bá ti pàṣẹ fún un pé kó má dá ìṣó lóhùn, á dákẹ́, fàdákà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ á kọjá, á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ tí wọ́n ti wá tán, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyí.

Ọ̀ràn yìí ti wà láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti wà ní ọmọ ọwọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, ọta kan sì há sí i lára. Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan wá tí ìlànà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ yìí. Ó ti dán an wò lára àwọn jagunjagun tí ọta wà lára wọn, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ààrẹ, ariwo ló ń gbọ́ níbi tó yẹ kó ti dákẹ́. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó sọ fún un pé wáyà irin wà nínú mátírẹ́ẹ̀sì kan tó wà nísàlẹ̀ èyí tí ààrẹ sùn lé. Dókítà tó ń ṣàkóso ìtọ́jú náà tún ní apá ọ̀tún nìkan ni kó wá, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ká ní ẹnì kan gba Bell nímọ̀ràn ọjọ́ yẹn pé kó lọ wá kọ́ìlì tó tóbi sí i, wáyà mátírẹ́ẹ̀sì náà ni ì bá tún gbọ́ sí i.

Iye ìnṣì tí wọ́n kọ sára páálí kò tún sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Kọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní concentric, òbírí wáyà kan wà nínú òmíràn, bí òòfà rẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń ṣóńṣó sí àárín. Ó dára fún títọ́ka sí ojú ibi tí irin wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí èròjà irin pọ̀ nínú rẹ̀ tètè máa ń dà á láàmú. Kọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní DD ní wáyà méjì tó ní àwòrán lẹ́tà D, wọ́n kọjú ẹ̀yìn síra, ẹ̀yìn wọn sì gun ara wọn ní àárín. Orí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti iwájú awo dé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń gbọ́ràn jù. Nítorí náà, DD oníìnṣì 11 lè ya ìṣó sọ́tọ̀ kúrò lára owó onírin dáadáa ju concentric tí fífẹ̀ wọn dọ́gba lọ. Àwọn kọ́ìlì gbọọrọ, irú èyí tó gùn ní ìnṣì 10 tó sì fẹ̀ ní ìnṣì 5, ń lo ọgbọ́n kan náà: gígùn wọn ló ń bo ilẹ̀, ìbú wọn tó kéré ló ń ya nǹkan sọ́tọ̀.

Èyí ló fà á tí kọ́ìlì tó ń bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ fi sábà máa ń wà láàárín ìnṣì 9 sí 11. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ bí ohun ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ni ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání jù nínú páálí náà. Oko gbalasa tó mọ́, tí ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ sì tóbi tàbí tó jìn, ibẹ̀ ni kọ́ìlì oníìnṣì 13 tàbí 15 ti tó owó rẹ̀. Àlàpà, ibi ìpàtẹ àtijọ́, ìdí igi tí gbòǹgbò ti ta jáde, àti oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè tí àkékù pòròpórò ṣì dúró, 5 tàbí 6 ni. Góòlù wẹ́ẹ́rẹ́ náà, kékeré ni, torí ohùn rẹ̀ kò lágbára débi tí á ti ìsàlẹ̀ jíjìn wá. Ìnṣì mélòó kan àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lè rí i, ibẹ̀ gan-an sì ni kọ́ìlì kékeré ti ń borí.

Ìwúwo náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀pá gígùn ni kọ́ìlì wà, ìwọ̀nba ohun tó fi wúwo sí i á di púpọ̀ lápá tó bá di ọ̀sán. Apá tó ti rẹ̀ kì í jẹ́ kí awo fara mọ́lẹ̀, á máa gbé e sókè ní òpin ìjù kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìnṣì 2 afẹ́fẹ́ tó bá wọ àárín kọ́ìlì àti ilẹ̀, ìnṣì 2 jíjìn ló lọ yẹn.

Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n rí i dájú pé fún ẹ̀rọ wọn gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ìlì náà, nítorí wáyà inú rẹ̀ àti fíríkúẹ́ǹsì ẹ̀rọ, ìyẹn iye ìgbà tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbọ́dọ̀ bára mu, kì í ṣe kí ẹnu okùn rẹ̀ kàn wọ ihò. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún ground balance, ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ má ka ohùn ilẹ̀ sí, ṣe látilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbé owó onírin kan sílẹ̀, kí wọ́n fi ìṣó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ju kọ́ìlì kọjá lórí wọn láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n tún yí sí òdìkejì kí wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí wọ́n máa sún ìṣó náà mọ́ owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi rúlà wọn àlàfo ibi tí ohùn owó ti sọnù.