“Sanction”: ṣé wọ́n fọwọ́ sí i ni, àbí wọ́n fìyà jẹ ẹ́?

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, jókòó l’Ábùjá, wọ́n sì kéde pé àwọn ti ká ọ̀pọ̀ nínú “sanctions” tí àwọn gbé lé orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r lórí kúrò. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn, tó tún kà á níbòmíràn pé ilé ẹjọ́ “sanctioned” ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì tí inú àwọn tó ni wọ́n sì ń dùn, kò jẹ̀bi tó bá béèrè pé irú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí. Àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn n’Ílọrin, l’Ọ́fà àti l’Ómù-Àrán ń béèrè é títí di òní, ọ̀rọ̀ náà sì tó kí a là á yé ara wa.

Kí ni “sanction” túmọ̀ sí gan-an?

Ìtumọ̀ méjì ló ní, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọ̀kan ni kí aláṣẹ fọwọ́ sí nǹkan. Èkejì ni ìyà tí aláṣẹ fi jẹ ẹni tó rúfin.

Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe gbé àṣẹ àti ìyà pọ̀ mọ́ra?

Inú èdè Látìn ló ti wá. “Sancire” ni kí a ya nǹkan sí mímọ́, kí a fi òfin so ó ró. Ìdílé kan náà ni òun àti “saint” àti “sanctuary”. Nínú òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́, “sanctio” ni apá tó ń sọ ohun tí ojú ẹni tó bá tẹ òfin náà mọ́lẹ̀ máa rí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà á, òfin tàbí àṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: apá kan di ìfọwọ́sí, apá kejì di ìyà. Pé kí wọ́n fi “sanction” ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, kó sì túmọ̀ sí “fìyà jẹ”, ni ó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rúndún ogún ló gbilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe báyìí. Ẹ wo “yá” tiwa. “Mo yá Àlàbí lówó”: owó jáde lápò mi nìyẹn. “Mo yá owó lọ́wọ́ Àlàbí”: gbèsè wọ ọrùn mi. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n “lọ́wọ́” ti là á. Kò sí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà l’Ọ́jà Ìpàtà tó máa ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ọ̀rọ̀ tó jókòó ti “sanction” náà ló ń là á.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo la fẹ́ máa wò?

Ibí ni ẹ ti nílò sùúrù, torí ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣì í gbọ́ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá “s” wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. “Sanctions”, tó jẹ́ púpọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ìyà nígbà gbogbo. Tí “on” tàbí “against” bá tẹ̀ lé e, ìyà ni. Tí “impose”, “lift” tàbí “face” bá ṣáájú rẹ̀, ìyà ni. Ṣùgbọ́n “with the sanction of” tàbí “give sanction to” túmọ̀ sí pé aláṣẹ ti gbà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ iṣẹ́, ìpinnu tàbí àdéhùn, ìfọwọ́sí ni: “the court sanctioned the merger”. Tó bá jẹ́ ènìyàn, báńkì tàbí orílẹ̀-èdè, ìyà ni: “the regulator sanctioned the bank”. Àwọn agbẹjọ́rò ń lo ti àkọ́kọ́ yìí dáadáa, torí òfin ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa, CAMA 2020, fi í sọ̀rọ̀ nípa ìfọwọ́sí ilé ẹjọ́.

Àwọn méjì kan ṣẹ́ kù tó ń tan ènìyàn jẹ. “State-sanctioned” ni ohun tí ìjọba fọwọ́ sí. “Unsanctioned” ni ohun tí a ṣe láìgba àṣẹ. Kì í ṣe ẹni tí a kò tíì fìyà jẹ.

Ṣé ìpínlẹ̀ Niger tó wà lódìkejì odò ní Jẹ́bà ni wọ́n fìyà jẹ?

Rárá o. Minna ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ yẹn. Niamey ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn.

Kí ni ìyà ọ̀hún?

Àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ECOWAS ti ẹnubodè, wọ́n dá ọkọ̀ òfurufú dúró, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba náà. Nàìjíríà tún gé iná mànàmáná tó ń lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo la lè lò dípò rẹ̀?

Ní ìhà ìfọwọ́sí, “approval” ló gbòòrò jù: ẹni tó láṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà. “Permission” ni ìyọ̀ǹda lásán, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń gbà lọ́wọ́ tíṣà. “Assent” ni ti gómìnà tàbí ààrẹ nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí àbá òfin. “Consent” ni ẹ máa bá pàdé nídìí ilẹ̀: Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba “consent” gómìnà. “Ratify” ni kí a fi òǹtẹ̀ lu ohun tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ìhà ìyà, “fine” jẹ́ owó ìtanràn nìkan. “Embargo” ni kí a ti ọ̀nà káràkátà pa. “Suspension” ní àsìkò, “dismissal” kò ní. “Penalty” lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀yin tó ń ka ìròyìn lédè Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi “ìfọwọ́sí” túmọ̀ “sanctions” torí pé òun ló ṣáájú nínú ìwé atúmọ̀. “Ìjìyà” dára. “Ìfòfindè” náà dára, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò.

Lẹ́tà ibi iṣẹ́ mi ní “appropriate sanctions will apply”. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ìyà ni wọ́n ń sọ, ẹ má fi ṣeré. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò tíì sọ irú ìyà tó jẹ́: ó lè jẹ́ ìkìlọ̀, ó lè jẹ́ kí wọ́n dá owó oṣù dúró, ó lè jẹ́ kí wọ́n lé ènìyàn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀. Ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fèsì. Ẹ fi ìwé béèrè pé abala wo nínú òfin iṣẹ́ ni wọ́n ní ẹ rú, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà èsì yín.

Wọ́n fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé “your account will be sanctioned”, kí n tẹ líǹkì kan.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìhàlẹ̀ ni, àwọn oníjìbìtì sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní PIN tàbí nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín. Ẹ gba báńkì yín lọ fúnra yín.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ lẹ́tà gba àyè láti ṣe ìpàdé. Ṣé “sanction” dára níbẹ̀?

Ẹ yẹra fún un. “Kindly sanction our meeting” tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá fi “our members” sí ipò “our meeting”, ẹ ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fìyà jẹ yín nìyẹn. Ẹ kọ “kindly approve”, kí ẹ fi ọjọ́, àkókò àti ibi ìpàdé sí i.