Ọtí Kajú Kọ́ Ló Pààyàn ní Òde-Ìrèlè

Láti oṣù Èrèlé títí wọ Igbe, kajú máa ń já bọ́ kún gbogbo àgbàlá wa ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Kóró ìdí rẹ̀ nìkan làwọn oníṣòwò ń rà. Wọ́n á yọ kóró lọ, wọ́n á fi èso sílẹ̀ fún eṣinṣin, ó sì máa ń dùn mí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ fún omi rẹ̀ sínú ike kí n fi ṣe ọtí, bí àwọn ará Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Normandy ní Faransé ṣe ń fi ápù ṣe sáídà, màmá kan ládùúgbò yára wá bá mi. "Ọmọ mi, dà á nù. Ṣé o ò gbọ́ ti Òde-Ìrèlè ni?"

Mo gbọ́ ọ. Ní oṣù Igbe ọdún 2015, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló jẹ́ ká mọ̀ pé methanol ni, ìyẹn irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, inú ògógóró ló sì wà. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti gbà pé ọtí èyíkéyìí tí wọ́n bá fi èso ṣe nílé ló ń bí májèlé yìí fúnra rẹ̀ débi táá fi pààyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń sọ ẹmu di ọtí, ethanol ni wọ́n ń pè é. Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú omi náà, tó ń sọ ọ́ di ethanol àti afẹ́fẹ́ tó ń mú kó máa hó. Ta ló ń da ìwúkàrà sínú ẹmu? Kò sẹ́ni. Ara igi, inú akèǹgbè àti afẹ́fẹ́ ló ti ń wá. Irú rẹ̀ wà lára èèpo kajú náà, ìdí nìyẹn tí omi kajú fi ń hó láìjẹ́ pé a ra ohunkóhun kún un.

Methanol ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹran ara èso le, ìyẹn pectin, ló ń jẹ́ kí ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ yọ. Omi ọsàn tútù pàápàá ní díẹ̀ nínú. Ethanol tó wà nínú ọtí náà kì í sì í jẹ́ kí ara tètè sọ methanol di ásíìdì tó ń ba ojú jẹ́. Àwọn dókítà a máa fi ethanol tọ́jú ẹni tó ti mu methanol.

Ògógóró yàtọ̀: wọ́n ń se ẹmu, wọ́n sì ń gba ooru rẹ̀ tó bá di omi. Àmọ́ níbi gbogbo láyé, tí ọtí bá pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ló sábà máa ń bu methanol ilé iṣẹ́ lù ú nítorí owó. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, imú ò lè gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba màmá nípa ògógóró tí kò mọ orísun rẹ̀ tọ̀nà. Ti kajú ni kò tọ̀nà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ọtí kajú, èyí tó já bọ́ lónìí ni kí ẹ ṣà, kó má ti bu. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ fún un. Ẹ má wọ aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn, àbàwọ́n rẹ̀ kì í kúrò. Omi náà máa ń há lọ́fun. Ní Íńdíà, omi ìrẹsì sísè ni wọ́n ń dà sí i kí ohun tó ń há lọ́fun náà lè rọ̀ sílẹ̀. Ẹ má kún ike dẹ́nu, ẹ má sì dé e pinpin nígbà tó bá ṣì ń hó: ìgò tí wọ́n dé pa lè bẹ́, kó ṣe èèyàn léṣe. Ewu tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ọ́ pẹ́, á kan di fínígà, kì í ṣe májèlé. Tó bá hu irun lójú, ẹ dà á nù. Ọtí ṣáà ni, kì í ṣe ti ọmọdé tàbí aláboyún.

Ẹni tó bá sì mu ògógóró, tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ kejì, ẹ má ní kó lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.