147 Ronnie O'Sullivan: ìgbà wo ni wọ́n tẹ aago?

Ọ̀rọ̀ sínúkà kì í pẹ́ délẹ̀ kí ẹnìkan tó ní ìṣẹ́jú 5 àti sẹ́kọ́ńdì 20 ni Ronnie O'Sullivan, agbásínúkà ọmọ England, fi gbá 147, ìyẹn máàkì tó ga jù tí èèyàn lè kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtàsé, ní Sheffield ní England lọ́dún 1997. Pé ó gbá a, kò sí àríyànjiyàn: Mick Price tí wọ́n jọ ń figagbága jókòó, ó ń wò ó, £147,000 sì wọ àpò Ronnie. Sẹ́kọ́ńdì 20 yẹn ló há mi lọ́fun.

Aago BBC ni wọ́n gbà gbọ́, aago ọ̀hún sì ti ń sáré kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù funfun rárá. Bí a bá kà á láti ìgbà tó kọ́kọ́ gbá funfun, ìṣẹ́jú 5 àti sẹ́kọ́ńdì 8 ni. Àwọn Guinness World Records pàápàá ti yí tiwọn padà sí i.

Ṣùgbọ́n ta ló ní ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀? Òfin sínúkà sọ ohun tí bréèkì jẹ́: bọ́ọ̀lù tí èèyàn gbá wọlé léraléra nígbà tí ó kàn án. Kò mẹ́nu kan aago. Ìgbà wo wá ni ó kàn án? Ẹlòmíì lè ní nígbà tí bọ́ọ̀lù tí Price gbá kẹ́yìn dúró ni, kí ó sì ka ìrìn dé ìdí tábìlì mọ́ ọn. Irọ́ kọ́ nìyẹn náà.

Ẹ tún wo rẹfirí. Bọ́ọ̀lù 36 ló wọlé: pupa 15, dúdú 15, àwọ̀ 6 tó kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni rẹfirí yọ dúdú nínú ihò, tó gbé e padà sójú àmì rẹ̀, fáwùlù sì ni bí o bá gbá kó tó gbé e kalẹ̀ tán. Rẹfirí tó bá fi sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo dá ọ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ 15. Méjìlá péré là ń jà lé.

(Èyí tí a ń gbá nílé ọtí tí a ń pè ní sínúkà, púùlù ni. Ẹ má fi wé e.)

Lójú tèmi, 5:08 ló sún mọ́ òótọ́ jù, bó bá jẹ́ pé gbígbá là ń kà. Ẹ má kàn fi owó ta á. Àwọn fídíò orí fóònù, wọ́n ti gé òmíràn lórí, wọ́n ti gé òmíràn nídìí. Bí ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ẹ wá èyí tí wọn ò gé, ẹ tẹ aago bí ọ̀pá bá ti kan funfun, ẹ dá a dúró bí dúdú ìkẹyìn bá ti já sí ihò, kí ẹlòmíì sì ka tirẹ̀ lọ́tọ̀.